Ìrìn olú lórí òkè South Downs: owó mi kò ṣòfò

Ìrìn tí wọ́n fi ń mú èèyàn lọ wo olú lórí òkè South Downs ní gúúsù ilẹ̀ England ni mo fẹ́ sọ. Pọ́n-ùn 25 ni wọ́n gbà lórí àgbà nígbà tá a lọ, ọmọdé san ìdajì. Ìparí oṣù kẹsàn-án lèmi àti ọmọ mi obìnrin lọ, lẹ́yìn òjò, nígbà tí olú ń yọ. Àgùntàn ti jẹ koríko òkè Sussex yẹn kúrú débi pé láti òkèèrè lẹ ó ti rí agbo iwin: òbìrìkìtì koríko tó dúdú mìnìjọ̀ ju ti àyíká rẹ̀ lọ, tí olú tò yípo etí rẹ̀.

Bàbá tó mú wa rìn kò fi sáyẹ́ǹsì lé ìtàn àtijọ́ jáde, ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Ó ní káwọn ọmọdé dúró létí agbo, ó wá sọ tàwọn ará Wales: àwọn iwin Tylwyth Teg ló ń jó níbẹ̀ lóru, ẹni tó bá sì kó sí agbo wọn yóò rò pé ìṣẹ́jú díẹ̀ lòun fi jó, ọ̀pọ̀ ọdún ló ti lọ. Ní Faransé, àjẹ́ ni wọ́n ní ó ni ín. Ọmọ mi yára fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ló fa ọ̀bẹ yọ, ó gé koríko pẹ̀lú erùpẹ̀, ó sì fi àwọn fọ́nrán funfun tín-ín-rín hàn wá. Olú gan-an nìyẹn. Èyí tó yọ sókè, èso rẹ̀ ni. Ojú kan ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá ń tàn síta lọ́dọọdún, ó ń wá oúnjẹ tuntun. Bó ṣe ń jẹ ohun tó ti kú nínú ilẹ̀ ló ń tú náítírójìn, èròjà tó ń mú ewéko dàgbà, sílẹ̀ fún koríko. Níbi tí fọ́nrán bá sì ti ki jù, omi kì í ráyè wọlẹ̀, koríko á kú. William Withering, dókítà àti onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ ní 1792 pé olú ló ń fà á. Agbo kan wà nítòsí Belfort ní Faransé tí wọ́n rò pé ó fẹ̀ tó 600 mítà, tó sì ti lé ní 700 ọdún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí ìkìlọ̀ bàbá náà dáadáa. Olú tí wọ́n ń pè ní Marasmius oreades dùn, àmọ́ olú míì, Clitocybe rivulosa, tó ní májèlé lè hù nínú pápá kan náà. Ẹsẹ̀ èyí tó dùn yi, ẹ lè lọ́ ọ láì já, àwọn awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ fìlà rẹ̀ sì jìnnà síra. Ti èkejì sún mọ́ra. Ẹni tó bá jẹ èyí tó ní májèlé á máa làágùn, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀. Bàbá náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já olú lọ sílé, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Òkè náà ga, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lójú ọ̀nà, wọn kò sì sọ ọ́ kí a tó sanwó. Ẹ má mú àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn lọ. Àmọ́ ọmọ iléèwé tó ń béèrè ìdí gbogbo nǹkan, ẹ tètè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.