Wọ́n dí ihò inú ọkàn ọmọ mi: ohun tí ojú wa rí

Orí ọmọ mi ni mo kọ́kọ́ fura sí. Tó bá ń mu ọmú, òógùn á bò ó lórí bí ẹni pé mo da omi lé e. Á mu díẹ̀, á sinmi, á máa mí gúlegúle. Ilé ìwòsàn àdúgbò wa ní òtútù àyà ni, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ títí. Màmá ọkọ mi ní kí n yé wẹ̀ ẹ́ lálẹ́. Kílò 3.2 ni mo bí i. Ó pé oṣù mẹ́ta, kò tíì pé kílò 4.

Ẹ̀kò, àyẹ̀wò tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn, ló tú àṣírí: ihò wà lára ògiri tó dá yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn sí méjì, ẹ̀jẹ̀ sì ń ya wọ ẹ̀dọ̀fóró. A ò lè mọ̀ lọ́jọ́ ìkómọ, torí ìfúnpá inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tuntun ṣì máa ń ga. Ìgbà tó bá lọ sílẹ̀ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀.

Ó pé oṣù márùn-ún kí wọ́n tó là á láyà. Ẹ̀rọ gba iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe, wọ́n dá ọkàn dúró, wọ́n gé díẹ̀ lára awọ tó bo ọkàn rẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n fi rán ihò náà. Àbùlẹ̀, bíi ti ṣòkòtò! Dókítà ní lọ́dún 1954, ní Minnesota ní Amẹ́ríkà, dípò irú ẹ̀rọ yìí, iṣan ẹ̀jẹ̀ òbí ni oníṣẹ́ abẹ kan, Walton Lillehei, so mọ́ ti ọmọ, tí ọkàn òbí ń ṣiṣẹ́ fún ẹni méjì. Ọkọ mi ní òun ì bá gbà.

Iṣẹ́ ọwọ́ wọn, mi ò lè bù ú kù. Nọ́ọ̀sì ICU, yàrá ìtọ́jú àkànṣe, ń ṣàlàyé rọ́bà kọ̀ọ̀kan tó wà lára ọmọ fún mi láìkanra. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ká mú ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ wá. Àwọn àbúrò ọkọ mi sáré wá láti ibi iṣẹ́, ebi ń pa wọ́n. Ẹ bèèrè èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ o.

Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n tún ti sọ fún wa, nígbà tí à ń lọ sílé, pé a ò gbọdọ̀ fi abíyá gbé e, a ò sì gbọdọ̀ pọ̀n ọ́n fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí egungun àyà rẹ̀ fi jinná. Màmá ti ra ọ̀já tuntun dè wá. Wọ́n ká a, wọ́n fi sábẹ́ ìrọ̀rí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó mu ọmú láìsinmi. Mo fọwọ́ kan orí rẹ̀. Ó gbẹ.