Aró lára bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun: ọjọ́ méje mi nínú ṣọ́ọ̀tì-lẹ́ẹ̀tì kan l'Ábẹ́òkúta

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ kúrò ni gbogbo rẹ̀ dàrú. Mánéjà ilé náà, ọmọkùnrin tí kò lè ju ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lọ, na bẹ́ẹ̀dìṣíìtì sókè lójú wíńdò bí ẹni ń wá owó ayédèrú. Ó na ìka sí àmì aró kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ti ba ṣíìtì jẹ́. Owó káṣọ̀n yín ti lọ síbẹ̀ nìyẹn." ₦30,000 tí mo fi dúró, tó yẹ kí wọ́n dá padà bí n ò bá ba nǹkan jẹ́! Ṣé góòlù ni wọ́n fi hun ún ni?

Àdìrẹ ló gbé mi lọ. Mo fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ aṣọ láró n'Ítòkú. Òtẹ́ẹ̀lì tí mo béèrè n'Íbarà ju agbára mi lọ, n ò sì lè máa jẹ búrẹ́dì àti sadíìnì lálaalẹ́. Mo bá ní kí n wá ṣọ́ọ̀tì-lẹ́ẹ̀tì, ilé tí wọ́n ń fi háyà fún àlejò fún ọjọ́ díẹ̀, tó ní kíṣìnì tirẹ̀. Ẹni mẹ́ta tó ń fi í háyà ni mo pè. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n sanwó kí n tó fojú kan ilé; mo gé fóònù. Ẹni kejì fi fọ́tò ránṣẹ́, mo rí òkun lójú wíńdò. Òkun, l'Ábẹ́òkúta! Ẹni kẹta ni mo gbà, ₦18,000 lálẹ́ kan, l'Ásẹ̀rò.

Wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni síbi tí mò ń lọ n'Ítòkú. Irọ́ gbuu. Ẹni tó bá sì fẹ́ wọ rélùwéè wá láti Èkó bíi tèmi, kó rántí pé ìta ìlú ni téṣàn wà, ní Láderin, kó fi owó ọkọ̀ kún ìṣirò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnì, ọmọ orógùn ni mo rí. Ta ló ń fi ọmọ orógùn sínú ṣọ́ọ̀tì-lẹ́ẹ̀tì? Ọ̀bẹ ibẹ̀ mú, ìkòkò ò jó. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni mo ro láfún, mo fi ewédú gbé e, mo dárí ji agbègbè.

Alẹ́ kejì, aago mẹ́sàn-án, iná pa. Mo bojú wo ìta: iná wà ní gbogbo àdúgbò. Mo pe mánéjà, ó ní, "Àǹtí, yúníìtì márùn-ún la máa ń fi sórí mítà fún àlejò, ẹ̀yin lẹ ó ra èyí tó kù." Ìgbà wo lẹ sọ fún mi? Inú òkùnkùn ni mo ti ń tẹ nọ́ńbà ogún sára mítà, tọ́ọ̀ṣì fóònù lẹ́nu. ₦5,000 nìyẹn.

Ká padà sórí ṣíìtì. Ẹ̀bi mi ni, n ò jiyàn. Aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi dì tí mo sì rẹ, n ò ṣàn án kó mọ́ tán tí mo fi gbé e sétí bẹ́ẹ̀dì, torí mo fẹ́ yà á ní fọ́tò. Ìgbéraga akẹ́kọ̀ọ́.

Ibi tí èmi àti mánéjà ti ń fà á ni Màmá tó ń tọ́jú ilé wọlé. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọ́n gba ṣíìtì lọ́wọ́ ọmọ náà, wọ́n lọ sídìí ẹ̀rọ omi, omi tútù àti ọṣẹ, wọ́n fọwọ́ ra á ṣàà ṣàà ṣàà. Omi inú báàfù di búlúù, ṣíìtì bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Wọ́n ní, "Aró tí ò tíì wọnú aṣọ lẹ̀ ń jà lé lórí. Ìdí ìkòkò aró ni wọ́n bí mi sí."

Mánéjà wo ṣíìtì, ó wo ilẹ̀, ó jáde lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ó padà dé pé àwọn ó yọ ₦5,000 owó ìfọṣọ. Mo ní, "Ṣé Màmá lẹ ó gbé e fún?" Ó gbé ojú sórí fóònù. Mo fún Màmá ní ₦2,000, wọ́n ṣàdúrà tó gùn ju ọ̀nà téṣàn lọ.

Mo ti gbà pé n ò ní rí owó yẹn mọ́. Kí rélùwéè tó dé Agége, álẹ́ẹ̀tì dún: ₦30,000 pé, wọn ò yọ kọ́bọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ tẹ̀ lé e: "Àǹtí, ẹ má bínú. Màmá bá mi wí."

Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún. Mo mọ ohun tí mo kọ sókè nípa mítà. Mo ti gba yàrá kan náà fún oṣù tó ń bọ̀, ṣíìtì dúdú ni mò ń mú lọ.