Fíltà èémí tí mo so mọ́ Boxer mi, àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mísí lẹ́yìn rẹ̀

Oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni mo ra fíltà kékeré kan ní ọjà àwọn onípáàtì ní Gate, n'Ìbàdàn, irú èyí tí wọ́n máa ń fi bo ẹnu ihò tí ẹ́ńjìnnì alùpùpù fi ń mí. Kò tóbi ju àtàǹpàkò méjì tí a so pọ̀ lọ: orí rẹ̀ jẹ́ irin dídán, ara rẹ̀ jẹ́ òwú pupa tí wọ́n fi wáyà wẹ́wẹ́ yí ká, ₦3,500 ni mo sì san. Ẹni tó tà á fún mi búra pé ọ̀kadà mi yóò fúyẹ́, pé yóò sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àti pé epo tó ń mu yóò dínkù. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí a so ó, ẹ́ńjìnnì mi kò gbádùn rárá, ó ń mísí, ìyẹn ni pé iná inú rẹ̀ ń kùnà láti jó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló di ẹ̀bi ru fíltà náà, èmi náà sì bá wọn dì í, kí n tó rí i pé ibòmíràn ni ọ̀ràn ti wá.

Bajaj Boxer BM 150 ni mo ń gùn, ẹ́ńjìnnì písítìn kan tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 144.8 cc, kò sì tíì já mi kulẹ̀ lójú ọ̀nà rí. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ihò èémí yìí wà fún, kí ó ro ó báyìí: nígbàkigbà tí písítìn bá ń sọ̀kalẹ̀, ó ń ti afẹ́fẹ́ tó wà nínú ikùn ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ sì ni, bó ti wù kí ríìǹgì tó yí i ká le tó, díẹ̀ nínú èéfín iná tó ń jó lókè máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ písítìn wá sísàlẹ̀. Bí gbogbo èyí kò bá rí ibi gbà jáde, ọ́ìlì ni yóò máa tì, ọ́ìlì náà yóò sì wá ojú síìlì (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú) tí yóò gbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi rọ́bà kan so ihò náà mọ́ àpótí fíltà ńlá tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, kí èéfín náà lè gba inú kàbúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, padà lọ jó, dípò kí ó máa tú sí afẹ́fẹ́ tí àwa náà ń mí. Ohun tó mú mi fẹ́ yí ètò yìí padà ni pé, ní àkókò òjò, mo bá ohun funfun kan ní ìsàlẹ̀ àpótí náà, ó rí ràdàràdà bí ẹ̀kọ tí epo ta sí, ọ́ìlì sì ti rin fíltà ńlá gbingbin. Mo rò pé bí èéfín bá ti ń gba ibòmíràn jáde, àpótí náà yóò máa gbẹ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì tó wà lẹ́bàá ilé wa ló bá mi so ó. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè dé ibi tí rọ́bà ti wọ àpótí, ó ní láti tú kàbúrétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fa rọ́bà yọ, ó gé e kù, ó ki fíltà tuntun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó fi kílíìpù há a, ó sì dá kàbúrétọ̀ padà. Kò gbà á tó ogún ìṣẹ́jú. Ihò tó ṣẹ́kù lára àpótí ńkọ́? Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló ká wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó fi dí i, tó wá lẹ táépù mọ́ ọn. Mo rí i, n kò sì sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kíìkì mẹ́jọ ni mo ta kí ó tó dáhùn. Bó sì ti dáhùn, sílò, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń rọra ṣiṣẹ́ láìfún un ní iná, kò dúró: yóò ga sókè bí ẹni pé ẹnìkan ń fún un ní iná, yóò tún rẹlẹ̀ títí yóò fi kú, àfi bí mo bá fa ṣóòkì. Bí mo bá ń gun òkè Mọ́kọ́lá, á máa já lábẹ́ mi, á máa mísí, bí mo bá sì dẹ ọwọ́ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, sàlẹ́ńsà á máa dún gbàmùgbàmù tí àwọn èèyàn fi ń yà fún mi. Mẹkáníìkì fọ kàbúrétọ̀, ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, kò sí ìyàtọ̀. Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ dààmú, kọ́ìlì ló ti kú.” Mo bi í léèrè bí kọ́ìlì, èyí tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, ṣe mọ̀ pé ọjọ́ tí a so fíltà ló yẹ kí òun kú. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dá mi lóhùn.

Ìgbà náà ni mo pinnu pé n kò ní ra ohunkóhun mọ́ títí n ó fi mọ ohun tó ń ṣe é. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo yọ fíltà náà kúrò, mo jẹ́ kí ẹnu rọ́bà ṣí sílẹ̀, mo sì tan ẹ́ńjìnnì. Ìwà kan náà ló hù, sílò ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Fíltà kò mọwọ́mẹsẹ̀ nìyẹn. Mo tú púlọ́ọ̀gì wò lẹ́yìn tí mo ti gùn ún díẹ̀: dípò kí imú rẹ̀ ní àwọ̀ bisikíìtì, ó funfun bí ẹfun. Funfun bẹ́ẹ̀ ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Bí epo bẹntiróòlù bá jẹ́ ìwọ̀n kan lórí òṣùwọ̀n, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó bá a jó tán jẹ́ nǹkan bí 14.7, èyí tó bá lé sí i ni yóò máa mú ẹ́ńjìnnì já. Ó tún yẹ kí ṣóòkì ti la ojú mi tẹ́lẹ̀, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó dín afẹ́fẹ́ kù. Níbo wá ni àlékún afẹ́fẹ́ yìí ń gbà wọlé?

Mo ṣí àpótí fíltà. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ti yọ, ó ti wọ́ sínú, nígbà tí mo sì fi ìka nu ẹnu kàbúrétọ̀, eruku pupa bá ìka mi bọ̀, ó ń ta mí lọ́wọ́ bí iyanrìn. Ẹ̀rù bà mí ju mísí lọ, torí iyanrìn tó bá dé ojú sìlíńdà, ilé tí písítìn ń gbé, ríìǹgì àti ògiri sìlíńdà ni yóò máa họ jẹ. Mo wá ìdérí rọ́bà tó bá ihò náà mu, mo fi kílíìpù há a. Jíjá lórí òkè dínkù, ṣùgbọ́n sílò kò yí padà, èyí sì fi hàn mí pé àpótí nìkan kọ́.

Mo mú ìgò tí ìyàwó mi fi ń fọ́n omi sí aṣọ bó bá ń lọ̀ ọ́, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, mo ń fọ́n omi díẹ̀díẹ̀ yí kàbúrétọ̀ ká. (Àwọn kan máa ń lo bẹntiróòlù fún èyí. Ẹni tó bá fẹ́ jóná ni kó tẹ̀ lé wọn.) Nígbà tí omi kan ojú ibi tí kàbúrétọ̀ ti fara mọ́ ẹ́ńjìnnì, sílò dúró sójú kan fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, omi gbẹ, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo fọ́n ọn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tú u: rọ́bà róbótó tó wà lójú ibẹ̀ ti fò kúrò nínú kòtò rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dá kàbúrétọ̀ padà, bóòtì sì ti tẹ̀ ẹ́ já. ₦300 ni òmíràn. Mo tò ó síbi tó yẹ, mo mú bóòtì méjèèjì le lọ́gbọọgba, mo tún sílò ṣe. Láti ọjọ́ náà, kíìkì kan ló ń gbà, púlọ́ọ̀gì sì ti padà sí àwọ̀ rẹ̀.

Fíltà náà fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Eré tí wọ́n ní yóò sá, n kò rí i. Epo tó ń mú mi dé Ọ̀yọ́ kò dín. Òótọ́ ni pé àpótí fíltà gbẹ, ohun tí mo tìtorí rẹ̀ rà á nìyẹn. Ṣùgbọ́n òórùn ọ́ìlì gbígbóná á máa yọ sí mi nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, nígbà tí ọyẹ́ sì dé, eruku pò mọ́ ọ́ìlì lára òwú pupa náà títí ó fi di ẹrẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo rí i tí ọ́ìlì ń làágùn lójú síìlì tó wà lẹ́yìn sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú, irin eléyín tó ń fa ṣéènì. Mo yọ fíltà, mo fẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kò kọjá rárá. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a gbẹ, mo dá a padà, ọ́ìlì náà sì dá. Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń fọ̀ ọ́, ó sì sú mi.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún un. Mo ti ra rọ́bà tuntun, mo ti dá a padà sí ojú rẹ̀ lára àpótí, ṣùgbọ́n mo fi ìgò kékeré kan sí agbede-méjì kí ọ́ìlì àti omi máa kó síbẹ̀. Ìgò náà ṣe fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ ohun tí mo fẹ́ kí fíltà ṣe. Nígbà tí mo padà lọ bá ẹni tó tà á, tí mo sọ fún un pé n kò rí eré kankan, ó ní kékeré ni mo rà, pé ńlá tó jẹ́ ₦6,000 ló ń sáré.