Ìwé Ẹ̀rí Wo Ló Yẹ Èso Gbígbẹ? Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Olùgbaninímọ̀ràn Kan

Ohun tó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ olùgbaninímọ̀ràn tí mo gbà lórí èso gbígbẹ tí mo fẹ́ tà sókè òkun ni pé kò dárúkọ ìwé ẹ̀rí kankan títí tó fi mọ orílẹ̀-èdè tí ọjà ń lọ, irú ẹni tí yóò rà á, àti bóyá onítọ̀hún yóò tà á bẹ́ẹ̀ fún jíjẹ tàbí yóò tún un ṣe.

Orí ISO 22000, ìlànà àgbáyé fún ìṣàkóso ààbò oúnjẹ, ló ti pẹ́ jù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùtajà ń sáré lọ. Ó ṣàlàyé pé ìwé ẹ̀rí gidi ni, pé ìlànà HACCP, ìyẹn ọ̀nà wíwá ewu inú oúnjẹ àti dídènà rẹ̀, wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n pé GFSI, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò àwọn ètò ìwé ẹ̀rí ààbò oúnjẹ kó tó fọwọ́ sí wọn, kò fọwọ́ sí i. FSSC 22000 tàbí BRCGS, ètò ìwé ẹ̀rí ààbò oúnjẹ méjì mìíràn, ni oníbàárà tó bá ń béèrè ohun tí GFSI fọwọ́ sí yóò gbà. Ẹni tó ti ní ISO 22000 kò ní bẹ̀rẹ̀ láti òdo bó bá fẹ́ gba FSSC, nítorí orí rẹ̀ ni wọ́n gbé e lé kí wọ́n tó fi àwọn òfin mìíràn kún un. Ó tún là á mọ́lẹ̀ pé bí oníbàárà kò bá béèrè ju HACCP lọ, kí n má náwó sí FSSC, bẹ́ẹ̀ owó tirẹ̀ ni ìmọ̀ràn yẹn dín kù.

Kò jẹ́ kí n fi ìwé ẹ̀rí rọ́pò àyẹ̀wò ọjà. Ìlànà 2023/915 ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbà kí aflatoxin B1, ọ̀kan nínú àwọn májèlé tí èbu ń mú jáde, ju máíkírógíráàmù 2 lọ nínú kílò kan èso gbígbẹ tí a fẹ́ jẹ bẹ́ẹ̀, àpapọ̀ gbogbo aflatoxin kò sì gbọdọ̀ ju 4 lọ; ti èso ọ̀pọ̀tọ́ nìkan ló ga sí 6 àti 10. Ó mú èsì àyẹ̀wò kan tí mo ní, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí ọjà, ó sì fi hàn mí pé nọ́ńbà ìdì ọjà tó wà lára páálí kì í ṣe èyí tó wà nínú èsì náà.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni ọ̀rọ̀ sulphur dioxide, tí wọ́n fi ń dáàbò bo àwọ̀ èso. Gbólóhùn kan péré ló fún un, ní ìparí ìjábọ̀ rẹ̀: pé bó bá ju mílígíráàmù 10 lọ nínú kílò kan, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára páálí fún ọjà Yúróòpù. Kò fi kún un pé èso tí a bá fi nǹkan yìí sí kò lè gba ìwé ẹ̀rí organic (ti ọjà tí wọ́n gbìn tí wọ́n sì ṣe láìgbára lé kẹ́míkà àtọwọ́dá), yálà ti Yúróòpù tàbí ti Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tó ti kọ ojú ìwé gígùn lórí organic. Màá tún gbé iṣẹ́ fún un, ṣùgbọ́n ohun tí a fi sí èso ni màá kọ́kọ́ ní kó béèrè.