Mo sanwó ẹ̀kọ́ wíwá olú mọ̀rẹ́lì nígbà ìrúwé: inú igbó dára, ilé ìdáná kù díẹ̀

Kí n ti ibi tó ṣe pàtàkì jù bẹ̀rẹ̀: ẹ̀kọ́ wíwá mọ̀rẹ́lì yìí, olú inú igbó kan tí wọ́n ń jẹ, tí orí rẹ̀ dà bí afárá oyin, tó owó tí mo san, nítorí pé igi ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa kí wọ́n tó kọ́ wa ní olú. Apá ti inú igbó dára débi pé mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún ẹnikẹ́ni. Apá ti ilé ìdáná kò dára tó bẹ́ẹ̀, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ dáadáa, torí pé ẹni tó bá ti dá mọ̀rẹ́lì mọ̀ nínú igbó ṣì lè fi ìdáná ṣe ara rẹ̀ léṣe.

Ohun tí owó náà kó ni ìwé pélébé kan tó ní àwòrán igi àti olú, ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì sí ìdí rẹ̀, àpò àwọ̀n kan, odindi ọjọ́ kan nínú igbó, àti ìrọ̀lẹ́ kan nídìí iná. Wọn kò sọ ibi tí a ń lọ fún wa títí di òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Inú àwọn kan kò dùn sí i, ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú àwọn tó ń kọ́ wa. Àsìkò mọ̀rẹ́lì ní ibì kan kì í ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ, ibi tó sì ti hù lọ́dún yìí lè tún hù lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá mọ irú ibẹ̀ kì í kéde rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe mú ọjọ́ ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé wọ́n mọṣẹ́. Wọn kò dá ọjọ́ kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Wọ́n ní ká máa retí ìpè. Tẹmọmítà ni wọ́n ń kì bọ ilẹ̀, wọ́n ń dúró di ìgbà tí ooru ilẹ̀ náà bá tó nǹkan bíi digiri 10 Celsius, tí òjò ti rọ̀, tí òru kò sì tutù nini mọ́. Nígbà tí a débẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òkè tó kọjú sí gúúsù, tí oòrùn ń pa, ni olú ti yọ. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí àríwá kò tíì ní nǹkan kan. Amọ̀nà wa ní bí ti gúúsù bá ti ń gbẹ, kí ẹni tó ní sùúrù yí sí àríwá, àsìkò rẹ̀ á sì gùn ju ti àwọn tó ti ṣíwọ́ lọ.

Amọ̀nà yìí, obìnrin àgbà kan tí ọwọ́ rẹ̀ ti dán nídìí iṣẹ́ náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa wo ilẹ̀ fún wákàtí àkọ́kọ́. Wọ́n ní ká gbójú sókè. Igi elm tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kú ni wọ́n fẹ́ ká kọ́kọ́ dá mọ̀: nígbà tí àwọn igi yòókù ti ń rúwé, òun wà ní ìhòòhò, èèpo ara rẹ̀ sì ti ń ṣí, ó ń já bọ́ sí ìdí rẹ̀. Àrùn kan tí kòkòrò ń gbé láti ara igi kan dé òmíràn ló ń pa àwọn elm. Láti ọdún 1930 ni wọ́n ti rí i ní Amẹ́ríkà, ó sì ti pa àìmọye igi láti ìgbà náà. Ìdí igi tó ń kú lọ́wọ́ ni kí ẹ wò. Bí èèpo bá ti bó tán, tí igi náà ti gbẹ láti ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ kọjá lọ. Lẹ́yìn elm, wọ́n fi igi ash àti tulip poplar hàn wá, wọ́n ní ká fọwọ́ pa èèpo wọn, ká lè dá wọn mọ̀ láìsí ewé. Nígbà tí wọ́n tó jẹ́ ká wo ilẹ̀, ojú mi ti mọ ibi tó yẹ kó lọ. Mo rí èyí àkọ́kọ́ láàárín ewé gbígbẹ níbi tí mi ò bá ti gba kọjá láìwò, inú mi sì dùn gan-an.

Wọ́n sọ̀rọ̀ igbó tó jóná pẹ̀lú. Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà àti Kánádà, ìrúwé tó tẹ̀lé iná ni mọ̀rẹ́lì máa ń pọ̀ jù lábẹ́ àwọn igi páìnì àti spruce tó jó, àwọn tó ń fi í ṣòwò sì ń rìn jìnnà lọ bá a. Wọn kò mú wa lọ sí irú ibẹ̀, nítorí igi tó ti jóná lè wó lu èèyàn láìsí afẹ́fẹ́ rárá. Èyí tó wúlò jù fún mi nínú gbogbo ìkìlọ̀ wọn ni ti ọgbà ápù àtijọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń yin irú ọgbà bẹ́ẹ̀, torí mọ̀rẹ́lì ń hù níbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n títí di àwọn ọdún 1940, kí oògùn apakòkòrò DDT tó gbòde, lead arsenate ni àwọn àgbẹ̀ ń fín sí igi ápù láti pa kòkòrò. Òjé àti májèlé arsenic inú rẹ̀ kì í rà. Wọ́n ṣì wà nínú ilẹ̀ náà, olú sì lè fà wọ́n sínú ara rẹ̀, iná kì í sì í lé wọn jáde. Bí wọn kò bá sọ ohun mìíràn fún mi lọ́jọ́ náà, mi ò ní ka owó mi sí òfò.

Lórí dídá olú mọ̀, òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fi lélẹ̀, wọn kò sì yẹ̀ ẹ́ fún ẹnikẹ́ni: olú kankan kò gbọdọ̀ wọ agbọ̀n àjùmọ̀ní tí a kò bá tíì là á sí méjì lójú wọn. Orí mọ̀rẹ́lì tòótọ́ ní kòtò kòtò bí afárá oyin, ìsàlẹ̀ orí náà lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bí a bá sì là á, ihò kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀ láti ṣóńṣó orí dé ìdí. Wọ́n wá fi àwọn ayédèrú hàn wá. Ti Gyromitra kò ní kòtò. Orí rẹ̀ hunjọ ni, inú rẹ̀ sì pín sí yàrá kéékèèké tí ẹran olú dí mọ́. Májèlé gyromitrin wà nínú rẹ̀, ara èèyàn ń sọ ọ́ di májèlé mìíràn tó ń jẹ́ monomethylhydrazine, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè pani. Ẹnì kan nínú wa sọ pé wọ́n ń jẹ ẹ́ ní Finland. Òótọ́ ni, wọ́n ń tà á níbẹ̀ pẹ̀lú ìkìlọ̀, wọ́n sì ń bọ̀ ọ́, wọ́n ń da omi rẹ̀ nù, kí wọ́n tó tún un bọ̀. Amọ̀nà wa gbọ́, wọ́n sì dáhùn pé kò sí ẹni tí àwọn máa kọ́ ní ìyẹn. Mo fara mọ́ wọn pátápátá. Ti Verpa rọrùn láti dá mọ̀ bí a bá ti là á: ṣóńṣó ẹsẹ̀ nìkan ni orí rẹ̀ so mọ́, etí orí náà ń jù fìrìfìrì, ohun funfun múlọ́múlọ́ kan sì wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí tó bá mú iyèméjì wá, a sọ ọ́ nù, ì báà tóbi.

Ibi tí wọ́n ti já mi kulẹ̀ nínú igbó ni iye èrò. Àwùjọ kékeré ni wọ́n polówó, èyí tí mo bá níbẹ̀ kò kéré. Kì í ṣe torí pé olú kò ká gbogbo wa nìkan ni mo fi ń sọ ọ́. Àwọn olùṣèwádìí ní Switzerland ṣọ́ igbó kan láti 1975 dé 2003, wọ́n rí i pé ká olú, ká má ká a, ká fà á tu, ká fi ọ̀bẹ gé e, kò dín ti ọdún tó ń bọ̀ kù. Ẹsẹ̀ èèyàn tó ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ ló dín iye tó ń yọ kù. Kì í ṣe mọ̀rẹ́lì nìkan ni wọ́n wò, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí bí ilẹ̀ ìdí elm kan ṣe rí lẹ́yìn tí gbogbo wa ti yí i ká, ọ̀rọ̀ náà wá sí mi lọ́kàn. Ìwádìí yìí kan náà ni mo fi ń sọ pé kí ẹ má jà lórí ọ̀bẹ tàbí ọwọ́. Mo ń gé e nítorí kí iyẹ̀pẹ̀ má bàa wọ inú àwọn tó kù nínú àpò. Àpò àwọ̀n yẹn dára, afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ọ́, olú kì í sì í làágùn nínú rẹ̀ bí inú ọ̀rá. Ọ̀bẹ náà kú lẹ́nu, búrọ́ọ̀ṣì ìdí rẹ̀ ló wúlò. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, kí ẹ sì wá eégbọn ní gbogbo ara bí ẹ bá délé.

Ó wá ku ilé ìdáná. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń dáná mọ adùn, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ń kánjú. Iná ńlá, bọ́tà, ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti gbé e síwájú wa, bẹ́ẹ̀ àárín olú ṣì ń ta padà lábẹ́ eyín. Mọ̀rẹ́lì tí kò jinná kì í ṣe ohun ìṣeré. Lọ́dún 2023, ní ìlú Bozeman ní ìpínlẹ̀ Montana, èèyàn 51 ṣàìsàn lẹ́yìn tí wọ́n jẹun ní ilé oúnjẹ kan, méjì nínú wọn kú, mọ̀rẹ́lì tútù àti èyí tí kò jinná tó ni ìwádìí sì tọ́ka sí. Mo ní kí ó dá tèmi padà sórí iná, ó sì ṣe é láìjanpata. Wọ́n tún bu wáìnì fún gbogbo tábìlì. Èyí kò yẹ rárá, nítorí àwọn èèyàn wà tí mọ̀rẹ́lì pẹ̀lú ọtí máa ń fún ní èébì àti inú rírun, kódà bí olú náà bá jinná. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún àwọn tó ń jẹ ẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé kí wọ́n jẹ díẹ̀, kí wọ́n wo bí ara yóò ṣe gbà á. Bí wọ́n bá tún apá yìí ṣe, tí wọ́n sì dín èrò kù, n ó tún forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ igi àti olú tẹ́lẹ̀ kò nílò wọn.

Bí èmi ṣe ń sè é nílé nìyí. Mo ń là á sí méjì ní gígùn, mo ń gbọn kòkòrò inú rẹ̀ jáde, mo ń fi omi ṣàn án wéréwéré, mi ò sì ń rẹ ẹ́ sómi lóru mọ́jú bí àwọn mìíràn ti ń ṣe, torí adùn rẹ̀ ń bá omi lọ. Mo ń fi aṣọ nù ún gbẹ. Páànù gbígbẹ ló ń kọ́kọ́ bọ́ sí, láìsí ọ̀rá, títí omi ara rẹ̀ yóò fi jáde tí yóò sì gbẹ. Mo máa ń ṣí fèrèsé, mi ò sì ń gbé ojú lé ooru tó ń ru níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bọ́tà, àlùbọ́sà díẹ̀ àti iyọ̀. Mi ò ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ìṣẹ́jú 15 tó pé. Kò ní bàjẹ́. Etí rẹ̀ á gan, á máa ró lẹ́nu, àárín rẹ̀ á sì rọ̀. Ata àti aáyù púpọ̀ máa ń bo òórùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí náà mi ò fi wọ́n sí i. Ẹyin àti ọ̀rá wàrà ló bá a mu jù.

Èyí tí a kò bá jẹ tán, inú àpò bébà nínú fíríìjì ló ń gbé fún ọjọ́ díẹ̀. Èyí tó bá pọ̀ ju ìyẹn lọ, mo ń sá a nínú ẹ̀rọ tí ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná gbẹ oúnjẹ, ní nǹkan bíi digiri 50, títí yóò fi máa kán pọ́kán bí mo bá tẹ̀ ẹ́. Omi ló pọ̀ jù nínú olú tútù, nǹkan bíi kílò 10 ló ń di kílò kan péré. Gbígbẹ kò rọ́pò iná: bí mo bá rẹ ẹ́ rọ̀ nínú omi gbígbóná fún ìdajì wákàtí, mo ṣì ń sè é bíi ti tútù. Òórùn ti gbígbẹ jinlẹ̀ ju ti tútù lọ, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ jù. Omi tí mo fi rẹ ẹ́, mo ń fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ kí iyẹ̀pẹ̀ lè kúrò, mo ń dà á sínú páànù pẹ̀lú olú náà, mo sì ń jẹ́ kí ó hó dáadáa títí yóò fi ki.