Àgbéyẹ̀wò reflink lórí XFS: ẹ̀dà fáìlì ńlá tí kì í jẹ ààyè dísìkì

Tí image virtual machine (fáìlì tó dúró fún dísìkì kọ̀ǹpútà àfarawé) bá tó 40 GB, `cp`, àṣẹ tó ń ṣe ẹ̀dà fáìlì lórí Linux, lórí ext4 (ọ̀kan lára àwọn filesystem, ìyẹn ètò tó ń to fáìlì sórí dísìkì) ní láti ka gbogbo rẹ̀ tán, kó sì tún un kọ síbòmíràn. Lórí XFS, filesystem mìíràn, tó ní reflink (ọ̀nà tí ẹ̀dà fi ń bá fáìlì àkọ́kọ́ pín dátà lò), kí a tó mú ọwọ́ kúrò lórí Enter, ẹ̀dà ti wà nílẹ̀, tí fáìlì náà kò bá ti já jánkan-jànkan jù lórí dísìkì. Kò sí dátà kankan tó kúrò níbi tó wà. Fáìlì méjèèjì ń tọ́ka sí búlọ́ọ̀kù kan náà, filesystem sì ń ka iye fáìlì tó di búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan mú. Ìgbà tí a bá kọ nǹkan tuntun sínú ọ̀kan ni yóò wá ààyè mìíràn fún apá tó yí padà nìkan.

Kernel Linux 4.9, tó jáde ní 2016, ló gbé e wọ XFS. Láti xfsprogs 5.1 (àkójọ irinṣẹ́ XFS) ni `mkfs.xfs`, àṣẹ tó ń fọ́ọ́màtì dísìkì, ti ń tan án fúnra rẹ̀. Ẹ yẹ tiyín wò:

`xfs_info /data | grep reflink`

Tó bá jẹ́ `reflink=0`, ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Kò sí àṣẹ tó lè tan án lórí XFS tó ti wà nílẹ̀. Ẹ ní láti kó dátà kúrò, kí ẹ tún fọ́ọ́màtì rẹ̀ ṣe. Fún dísìkì tó kún, ìyà gidi nìyẹn, òun sì ni mo kà sí àléébù tó tóbi jù. Btrfs, filesystem mìíràn tó ní reflink, kò ní wàhálà yìí rárá.

Àṣẹ tó yẹ kí ẹ máa lò ni:

`cp --reflink=always base.img vm2.img`

Lóòótọ́, coreutils 9.0 (àkójọ àṣẹ tí `cp` wà nínú rẹ̀) ti sọ `auto` di àìyípadà, ṣùgbọ́n `auto` máa ń bo àṣírí: bí clone (ẹ̀dà reflink) kò bá ṣeé ṣe, yóò rọra da dátà kọ, ẹ kò sì ní mọ̀ títí dísìkì yóò fi kún. `always` yóò pariwo. Bí ó bá ní "Invalid cross-device link", filesystem méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni fáìlì méjèèjì wà. "Operation not supported" túmọ̀ sí pé filesystem náà kò mọ reflink. Láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, `filefrag -v vm2.img` gbọ́dọ̀ fi `shared` hàn.

Ààyè ló máa ń da orí èèyàn rú. `du`, àṣẹ tó ń ṣírò ààyè tí fáìlì gbà, ń ka búlọ́ọ̀kù àjùmọ̀ní lẹ́ẹ̀kan fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ̀dà mẹ́wàá yóò dà bí 400 GB. `df`, tó ń fi ààyè tó kù lórí dísìkì hàn, ni kí ẹ gbà gbọ́. Pípa base.img rẹ́ kò sì ní dá ààyè padà níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀dà kan bá ṣì ń lò ó. Èyí tó burú jù: kíkọ sórí fáìlì tó ti wà tẹ́lẹ̀ lè kọsẹ̀ nítorí pé dísìkì kún, bí fáìlì náà kò tilẹ̀ tóbi sí i. Ẹ má pín ààyè tán. Bí ẹ bá sì fi rsync tàbí tar gbé wọn lọ sórí dísìkì mìíràn, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan yóò tóbi dé ìwọ̀n rẹ̀ ní kíkún.

Dátábéèsì tó ń kọ káàkiri inú ẹ̀dà yóò já a sí wẹ́wẹ́. Bí búlọ́ọ̀kù bá jẹ́ 4 KB, XFS ń wá ààyè ní 128 KB lẹ́ẹ̀kan fún irú kíkọ bẹ́ẹ̀. `xfs_io -c "cowextsize 1m" vm2.img` ń mú un tóbi sí i, ó sì wúlò lórí dísìkì tó ń yí. Lórí Btrfs, ẹ ṣọ́ra fún defragment (kíkó fáìlì tó já sí wẹ́wẹ́ jọ): ó ń tú àjùmọ̀ní ká, ààyè á sì tán lójijì. Bákan náà, fáìlì tó ní `chattr +C` (àmì tó ní kí a máa kọ dátà tuntun sórí ààyè àtijọ́) kò ṣeé clone sínú èyí tí kò ní in; "Invalid argument" ni yóò dá padà.

Ní ti OpenZFS, filesystem mìíràn, 2.2.0 ló mú tirẹ̀ wá ní 2023, 2.2.1 sì pa á nígbà tí ìròyìn dátà tó bàjẹ́ jáde. Àṣìṣe tó ti wà tipẹ́ ni wọ́n rí nídìí rẹ̀, 2.2.2 sì tún un ṣe.

Mi ò ní fi reflink ṣe backup láé. Yàrá kan tó ní ilẹ̀kùn méjì ni: bí búlọ́ọ̀kù kan bá bàjẹ́ lórí dísìkì, gbogbo ẹ̀dà tó ń lò ó ló bàjẹ́, XFS kò sì ní checksum (nọ́ńbà tí a fi ń mọ̀ bóyá dátà ti bàjẹ́) fún dátà inú fáìlì láti fi kìlọ̀ fún yín. Btrfs ní in. Fún image virtual machine àti ibi tí a ti ń dán nǹkan wò, XFS ni mo máa mú. Fún fáìlì tí a fẹ́ tọ́jú fún ọdún púpọ̀, Btrfs ni.