Adójútòfò USA Volleyball fún Àwọn Ọ̀dọ́ Eléré: Ohun Tí Ó Bò àti Ibi Tí Ó Kù Sí

Ní Amẹ́ríkà, owó ìforúkọsílẹ̀ tí òbí ń san fún ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ USA Volleyball, àjọ tí ń darí eré volleyball (bọ́ọ̀lù tí a ń fi ọwọ́ gbá kọjá lórí àwọ̀n) níbẹ̀, ní adójútòfò ìfarapa nínú. Mo gbà pé ètò tó wúlò ni, nítorí pé bí ọmọ bá fò sókè lẹ́bàá àwọ̀n, tí ó sì balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rọ́, owó ilé ìwòsàn níbẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n kí òbí mọ̀ dájú pé adójútòfò ìlera ti ìdílé ni yóò kọ́kọ́ sanwó. Lórí ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni ti USA Volleyball ti ń ṣiṣẹ́. Kò bo ìdánrawò tí àjọ náà kò fọwọ́ sí, èyí sì ni ó ká mi lára jù, nítorí pé àwọn ọmọ a máa gbá bọ́ọ̀lù pọ̀ nígbà ìsinmi.

Fún olùdarí kílọ́ọ̀bù kékeré, apá tí mo yìn jù lọ ni èyí tí ó dúró fún un bí ẹnikẹ́ni bá pè é lẹ́jọ́, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí adójútòfò tí àwọn onígbọ̀ngàn sábà máa ń béèrè kí wọ́n tó yá ènìyàn ní pápá. Kí òbí béèrè, ní kíkọ sílẹ̀, iye tí òun fúnra rẹ̀ yóò kọ́kọ́ san kí adójútòfò yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí sanwó.